Bí Sítíárìn Mi Ṣe Di Oníná

Àwọn ará Jámánì tó ṣe mọ́tò mi kò ní Ìgàndò lọ́kàn rárá. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ikùn rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, àmì tó ń ka eré rẹ̀ sì dé orí igba ó lé ọgọ́ta. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà á láàárín ilé mi àti iléèwé girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní fíṣíìsì lẹ́bàá Ìkọ̀tún, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí ọwọ́ àmì náà kọjá ọgọ́ta. Kòtò ojú ọ̀nà wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè irú mọ́tò tí mò ń lò, "mọ́tò eré" ni mo máa ń dáhùn, tọkàntọkàn ni mo sì fi ń sọ ọ́.

Ojú kàlẹ́ńdà ni mo ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tó ń gẹrun fún wa ní Èkìtì nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n ya mọ́tò náà bí ó ṣe ń gun òkè kan tí yìnyín bò, kò sì sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Ó wọ̀ mí lọ́kàn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí aládùúgbò mi kan tó ń kó lọ sí Kánádà tó ní òun fẹ́ ta tòun, èyí tó ti lo nǹkan bí ogún ọdún láyé. Ìyàwó mi ní kí n ra èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, kí àwọn ọmọ lè rí ibi wọlé. Mo ní mọ́tò kì í ṣe ilé, kí la fẹ́ fi ilẹ̀kùn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe? Ó wò mí, ó wo mọ́tò náà, ó wọlé lọ. Ó pẹ́ tí a ti fẹ́ra, mo mọ ohun tí irú ìwò bẹ́ẹ̀ máa ń túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tí aládùúgbò mi kò sọ fún mi ni ọ̀rọ̀ sítíárìn. Ọ́ìlì ló ń ràn án lọ́wọ́. Póm̀pù kan wà lára ẹ́ńjìnnì tó ń ti ọ́ìlì pupa gba inú rọ́bà lọ sí ìdí táyà, ọ́ìlì yìí ló sì ń bá awakọ̀ yí ọwọ́ mọ́tò. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí rọ́bà bá ti lu, tí ọ́ìlì sì ti jò tán, ó ku awakọ̀ àti apá rẹ̀ méjèèjì. Táyà mọ́tò náà fẹ̀ gan-an, nítorí kí ó lè di ilẹ̀ mú nígbà tó bá ń sáré. Ní Ìgàndò, níbi tí kò ti sí eré, ó ṣì ń di ilẹ̀ mú.

Tèmi kì í pẹ́ kó tó lu. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó ọgbà ra abọ́ rọ́bà kan, ó fi ọ̀dà kọ "Tíṣà" sí i lára, ó sì máa ń tì í sábẹ́ mọ́tò mi ní gbogbo Sọ́ńdè kí n tó sọ̀kalẹ̀ rárá. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi ń ṣe é. Á kí mi, á béèrè àwọn ọmọ, á wá bẹ̀rẹ̀, á ti abọ́ rẹ̀ wọlé.

Ẹni tó ń tún un ṣe fún mi jẹ́ àgbàlagbà kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ọmọ onílẹ̀ ni, ó sì ti ń tú mọ́tò Jámánì palẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá Mẹkáníìkì ni gbogbo wa ń pè é. Tó bá pààrọ̀ rọ́bà tán, á nu ọwọ́, á ní, "Tíṣà, ó parí. Ẹ ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́." Kó tó pé oṣù mẹ́ta, mo ti ń gbúròó rẹ̀. Ó pààrọ̀ póm̀pù lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò bínú sí i, nítorí òun náà kì í bínú sí mọ́tò náà. "Mọ́tò àwọn ọlọ́lá ni," á ní. "Ó ń fẹ́ kí èèyàn máa rí tòun rò."

Ìyàwó mi, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Odò, wà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ẹnu géètì wa dé ìkángun àdúgbò. Ó já ọwọ́ láti yà sí òsì, mọ́tò kò yà. Ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, ó yà díẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí mi.

"Dádì, èmi kọ́ ni mo wa mọ́tò yìí," ó ní. "Òun ló wà mí."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ síbi iṣẹ́, tí èmi sì ń dá wa mọ́tò tèmi. Mo máa ń ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé àwọn obìnrin kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn mọ́tò eré.

Ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn tí a parí iléèwé. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, mo kọ́ àwọn ọmọ SS Two bí ọ̀pá gígùn ṣe ń mú kó rọrùn láti yí nǹkan: bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ni agbára tí èèyàn nílò ṣe máa kéré tó. Ilẹ̀kùn kíláàsì ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó yé wọn, mo sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Nígbà tí mo dé ibi tí a ti ń yí padà lójú ọ̀nà Ìgàndò, mo já ọwọ́, mo sì gbọ́ ìró kan nísàlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá tutọ́. Rọ́bà ti bẹ́. Mọ́tò dúró ní ìbú ọ̀nà, ó kọjú sí gọ́tà, ó fi ẹ̀yìn dí gbogbo àwọn tó ń bọ̀. Mo fa sítíárìn, kò lọ. Mo dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, mo fi ẹsẹ̀ kan ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo tún fà á. Ó lọ ní ìwọ̀n ìka méjì. Nǹkan kan ta nínú èjìká mi ọ̀tún.

Ọlọ́kadà kan sún mọ́ fèrèsé mi. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Bàbá, ṣé ibí lẹ máa sùn ni?"

"Sítíárìn ló le," mo ní.

"Mo rí i, sà. Àmọ́ àwa náà ń lọ sílé."

Àwọn ọmọ iléèwé mi tó ń rìn lọ sílé ti dúró lẹ́bàá títì. Mẹ́rin nínú wọn sáré wá. Ọmọbìnrin kan tó mọ̀wé dáadáa nínú kíláàsì mi ti ọwọ́ bọ fèrèsé, ó di sítíárìn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi, a jọ fà á. Ó ń mí hẹlẹ.

"Sà," ó ní, "ṣé kí a wá ọ̀pá gígùn?"

Mo wò ó bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gba ohun tí mo kọ́ ọ gbọ́ ni. Mi ò mọ èyí tí ì bá dùn mí jù nínú méjèèjì. Àwọn yòókù ti orí mọ́tò, a yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kúrò lọ́nà, ọlọ́kadà náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kó tó lọ. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí ohun tó wúwo tí mo gbé. Mo ní sítíárìn ni. Ó ń kọ ọ́ lọ, ó wá gbé ojú sókè. "Ti ọkọ̀ akẹ́rù?" Mo ní rárá, ti mọ́tò eré ni. Ó pa ohun tó kọ rẹ́. Wọ́n ní iṣan ló fà, kí n má ṣe gbé ọwọ́ náà ga. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù nìkan ni mo lè kọ̀wé sí, àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn sì ní láti máa dìde wo ohun tí mo kọ. Bàbá Mẹkáníìkì pààrọ̀ rọ́bà. Ó ní mi ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, iná ẹ̀yìn mọ́tò náà kú. Ẹnì kan júwe rìwáyà fún mi ní Ẹgbẹ́dá. Bẹ́ẹ̀ là ń pe àwọn tó ń ṣe iná mọ́tò. Mo dé ibẹ̀, mo béèrè ọ̀gá. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́, tí orí rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bọ́ọ̀sì kan, dá mi lóhùn láti ibẹ̀: "Ẹ káàsán sà, èmi nìyẹn. Ẹ jókòó." Mo jókòó. Nígbà tó ṣe, mo béèrè bóyá ọkọ rẹ̀ wà nítòsí. Ó ní ọkọ òun ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ṣé mo fẹ́ ṣí àkáǹtì ni? Mo ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò lo ìdajì wákàtí kí iná ẹ̀yìn tó jí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n yí mọ́tò kúrò lójú ọ̀nà ẹlòmíràn. Ó dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fi ọwọ́ òsì àti àyà yí sítíárìn, nítorí rọ́bà tuntun náà ti tún lu.

"Sà, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ di oníná?"

"Kí ni?"

"Sítíárìn yín. Àwọn mọ́tò kékeré ará Jàpáàn yìí, àwọn tí àwọn mọ́mì fi ń gbé ọmọ lọ sí iléèwé, kò sí ọ́ìlì nínú tiwọn. Ẹ̀rọ iná kékeré kan ló wà lára ọ̀pá sítíárìn, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá ti fẹ́ yí i báyìí, ó ti mọ̀, á bá yín yí i. A lè yọ ọ́ lára èyí tó ti bàjẹ́, ká gbé e sí tiyín. Kò ní sí póm̀pù, kò ní sí rọ́bà, kò ní sí ọ́ìlì."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rò ó. Ìtìjú ló ń dà mí láàmú. Mọ́tò tó gun òkè yìnyín nínú kàlẹ́ńdà, ká wá gbé ọwọ́ mọ́tò àwọn ìyá ọlọ́mọ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ karùn-ún mo gbìyànjú láti wọ ṣẹ́ẹ̀tì, apá mi há sókè nínú rẹ̀, ìyàwó mi ló wá yọ mí jáde. Mo pe rìwáyà náà lórí fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò láyè tó, nítorí náà ọgbà Bàbá Mẹkáníìkì ni a gbé iṣẹ́ náà lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé mo ní láti sọ fún un. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ṣí fìlà, ó fi í sórí orúnkún.

"Mọ́tò Jámánì, ẹ fẹ́ fi ọwọ́ Jàpáàn sí i," ó ní. "Ó dáa. Tí iná bá lọ ńkọ́? Àbí ẹ ti gbàgbé ibi tí à ń gbé?"

Rìwáyà kúnlẹ̀ kí i kó tó dá a lóhùn. "Bàbá, bátìrì mọ́tò ló ń lò, kì í ṣe iná ìjọba."

"Bátìrì kì í kú ni?"

"Ó ń kú, sà. Tó bá kú, irin ṣì so táyà pọ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́tò, á kàn máa le ni." Ó yíjú sí mi. "Ìyẹn sì ti mọ́ wọn lára."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dé fìlà rẹ̀ padà.

Sátidé mẹ́ta ni a fi ṣe é. Ní Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n tú gbogbo iwájú mọ́tò náà. Póm̀pù, rọ́bà, ìgò ọ́ìlì, gbogbo rẹ̀ jáde. Bàbá to àwọn póm̀pù tó ti pààrọ̀ fún mi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì lẹ́nu iṣẹ́. Rìwáyà gbé ẹ̀rọ iná tó yọ lára mọ́tò Jàpáàn kan sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ kúrú sí ti Jámánì, eyín ẹnu rẹ̀ kò sì bá tiwa mu. Wẹ́dà tó wà lódìkejì ọ̀nà ní kékeré nìyẹn, òun á jó méjèèjì pọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Kò ní ṣẹlẹ̀ níṣojú mi," Bàbá Mẹkáníìkì ní.

Gbogbo wa wò ó.

"Iná lè lọ," ó ní, "mo ti gbà. Ṣùgbọ́n irin sítíárìn kò gbọ́dọ̀ já. Tí ibi tí wọ́n jó bá ṣẹ́ lórí eré, ta ló máa lọ sọ fún ìyàwó Tíṣà?"

Ó wọn ọ̀pá méjèèjì fúnra rẹ̀, ó dì wọ́n sínú bébà, ó wọ bọ́ọ̀sì kékeré tí à ń pè ní kórópe lọ sí Ìkọ̀tún lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gé irin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ. Èyí tó gbé dé ní ìgbẹ̀yìn jẹ́ irin kan tó ṣófo nínú, tí wọ́n gbẹ́ eyín sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, tí bóòtù tó nípọn sì gba àárín rẹ̀ kọjá kí ọ̀pá kankan má bàa lè yọ. Rìwáyà gbé e lọ́wọ́, ó yí i wò. "Bàbá, ẹ ṣé o," ó ní, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Láti ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jiyàn bí ẹni tó mọwọ́ ara wọn.

Sátidé kẹta ni a tan iná sí i. Ìyàwó mi náà wá, ó gbé ìrẹsì dání. Rìwáyà tẹ́ wáyà tó nípọn láti orí bátìrì wọlé, ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wọlé, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.

Sítíárìn náà gbéra fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó yí sí òsì, kíákíá, ó yí títí ó fi kan òpin, ó dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Wẹ́dà tó wá wòran ti rìn sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà. Èmi náà ti rìn sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé gbogbo ohun tó bá mira ló ní ìdí.

Bàbá Mẹkáníìkì nìkan ni kò kúrò lójú kan. "Ó ń padà sí Jàpáàn," ó ní.

Rìwáyà pa kọ́kọ́rọ́. "Wáyà méjì ni mo fi sípò ara wọn," ó ní. "Ó rò pé ẹnì kan ń yí i sí òsì, ó ní kí òun ràn án lọ́wọ́. Bó ṣe ń ràn án lọ́wọ́ ló tún ń rò pé ẹni náà ń yí i sí i." Ó gbé wọn sípò wọn. Ó tún tan án. Lọ́tẹ̀ yìí ó dákẹ́. Ó ní kí n wọlé.

Mo fi ìka kan yí i. Táyà tó fẹ̀, tó ti di ilẹ̀ Ìgàndò mú fún ọdún mẹ́fà, yí sí ọ̀tún bí ojú ìwé. Mo yí i sí òsì. Mo tún yí i sí ọ̀tún. Mo ń wo iwájú kí wọ́n má bàa rí ojú mi. Bàbá ní kí n sọ̀kalẹ̀, ó wọlé, òun náà yí i lọ yí i bọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó jáde, ó béèrè lọ́wọ́ rìwáyà, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, bóyá wọ́n lè gbé irú rẹ̀ sí bọ́ọ̀sì.

Ohun kan ló kù. Nínú mọ́tò kékeré Jàpáàn, ẹ̀rọ náà máa ń mọ eré tí mọ́tò ń sá. Tí eré bá pọ̀, á dín ìrànlọ́wọ́ kù kí ọwọ́ má bàa fúyẹ́ jù. Mọ́tò mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn fún un. Nítorí náà rìwáyà fi bọ́tìnnì kan sí ẹ̀gbẹ́ rédíò, irú èyí tí à ń yí láti fi mú ohùn lọ sókè. Tí a bá yí i sí ọ̀tún, sítíárìn á fúyẹ́, ìyẹn fún àdúgbò. Tí a bá yí i sí òsì, á le díẹ̀, ìyẹn fún ọ̀nà márosẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà òun àti ìyàwó mi jókòó ti ìrẹsì fún ohun tó lé ní wákàtí kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń tọ́ka. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí ìyàwó mi wọlé ká lọ gba afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà Abúlé Ẹ̀gbá. Mo fẹ́ kó rí ohun tí mo ṣe. A gun orí afárá, ọ̀nà ṣófo nítorí Sọ́ńdè ni, mo jẹ́ kó sáré. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, àmì náà kan ọgọ́rùn-ún. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Sítíárìn fúyẹ́ bí ìgbà tí èèyàn di ìdérí ìkòkò mú lásán. Mo mí, mọ́tò ṣí lọ sí ọ̀tún. Mo dá a padà, ó ṣí lọ sí òsì. Ọkọ̀ kan fọn fèrè lẹ́yìn mi. Mo di sítíárìn mú gírígírí, èyí tó tún burú sí i.

Ìyàwó mi kò pariwo. Ó na ọwọ́, ó yí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rédíò sí òsì, mọ́tò sì fìdí múlẹ̀.

"Ẹ gbàgbé láti yí i," ó ní.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Èmi àti rìwáyà jọ sọ ọ́ lánàá. Ẹ sọ̀kalẹ̀ tí a bá dé ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

A dúró lẹ́yìn ibùdókọ̀ BRT, a pààrọ̀ àyè. Ó ṣe ìjókòó súnmọ́ iwájú, ó tún dígí ṣe, ó yí bọ́tìnnì sí ọ̀tún láti jáde, ó yí i sí òsì nígbà tí ọ̀nà là. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wà á dé Òkè-Odò, ó yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wà á padà sí Ìgàndò. Nígbà tí a wọ àdúgbò, ó fi ọwọ́ kan yà sí òsì ní ìkángun yẹn. Mo rí i pé ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní Mọ́ńdè, ó ní kí n jẹ́ kí òun wà á lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan péré, torí bọ́ọ̀sì méjì ti sú òun. Ní Túsìdeè kò béèrè. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wọ kórópe lọ sí iléèwé, tí mo ń jókòó ti àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí orúnkún mi ń kan àpò ìwé wọn. Wọ́n ń ṣe dáadáa sí mi. Wọ́n máa ń fún mi ní ibi fèrèsé.

Bàbá Mẹkáníìkì ní tirẹ̀ ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá sí ọgbà rẹ̀ pé òun ti ń ṣe sítíárìn oníná báyìí. "Àwa la kọ́kọ́ ṣe ti Tíṣà," á ní, á sì fi nọ́ńbà rìwáyà hàn wọ́n. Wọ́n ti ṣe méjì pọ̀ láti ìgbà náà.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, a lọ kí ẹnì kan ní Òkè-Odò, ìyàwó mi ló wà á. À ń bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́, a ti dé Ìdímù, ó fẹ́ yà, sítíárìn sì kọ̀. Fíúsì ti jó. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé fíúsì ni, nítorí èmi ni mo yàn án. Nígbà tí a ń ṣe iṣẹ́ náà, rìwáyà fẹ́ fi èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ sí i. Èmi ni mo mú bébà, tí mo ṣírò rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, tí mo fi hàn wọ́n pé kékeré tó, tí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún mi nítorí pé tíṣà ni mí.

"Jẹ́ kí n bọ́ síbẹ̀," mo ní. "Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wà á báyìí."

"Ẹ jókòó."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó di sítíárìn mú ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ìjókòó, ó fà á. Ó lọ. Ó wà á bẹ́ẹ̀ dé Ẹgbẹ́dá lọ́dọ̀ rìwáyà, gbogbo ibi tó yẹ ká yà, ó yà á, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì, òógùn ti bo ojú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti pupa. Ó yíjú sí mi.

"Báyìí lẹ ṣe wà á fún ọdún mẹ́fà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́."

"Ẹ̀ ń bú mẹkáníìkì ni," ó ní. "Ẹ ò sọ pé ó ń dùn yín."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sórí èjìká mi ọ̀tún, ó fi síbẹ̀ títí rìwáyà fi jáde wá, tó kí wa, tó sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyàwó mi ní fíúsì ló kéré. Kò sọ ẹni tó ṣírò rẹ̀. Rìwáyà mọ̀ ọ́n, òun náà kò sọ ọ́. Ó fi èyí tó tóbi sí i, ó sì ní ó ti tán.

Ọjọ́ kejì ni mo jí, mo rò pé lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kí kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì. Ìyàwó mi ti gbé mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Ó fi owó kórópe sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì.